Kí ẹ tó họ ìpáàrà ara idà bàbá yín: ohun tí ojú mi rí

Àpótí onírin kan ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pín ẹrù bàbá wa àgbà ní Ẹ̀pẹ́. Ohun ìjà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, aṣọ sójà tó ti gbó ni wọ́n fi wé wọn. Ọ̀kan jẹ́ idà gígùn tó tẹ̀ díẹ̀. Èkejì jẹ́ ọ̀bẹ ńlá kan tó tẹ orí ba bí ẹni tó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ idà tí kò ní ohun tó ń dáàbò bo ọwọ́ rárá, èkù rẹ̀ rí róbótó bí ọmọrí odó. Gbogbo ilé mọ̀ pé Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar báyìí, ni Bàbá ti kó wọn bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé tó ní ẹni tó lọ sí ogun Bọ́mà pọ̀ ní agbègbè wa. Ìpín ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà méjì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ síbẹ̀: 81st Division, tí àmì èjìká wọn jẹ́ aláǹtakùn dúdú, àti 82nd Division, tí tiwọn jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn. Láti ìparí 1943 títí di 1945 ni wọ́n fi bá àwọn ọmọ ogun Jàpáànì jà nínú igbó Arakan àti lẹ́bàá odò Kaladan. Nígbà tí Jàpáànì túúbá ní 1945, àwọn ọ̀gá ológun wọn kó idà wọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sójà sì gbé ọ̀kan lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí idà Jàpáànì bá wà lájà ilé yín ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí a máa ń ṣe sí i lọ́jọ́ tí a bá rí i.

Èmi rò pé ìdọ̀tí ni gbogbo ìpáàrà. Idà gígùn yẹn ti dúdú, ó sì ti dógùn-ún káàkiri, mo sì fẹ́ kó dán kí n lè gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹnì kan ti kan ìṣó mọ́ èkù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi páláyà fa ìṣó náà yọ, èkù bọ́, mo sì rí apá irin tó máa ń wà nínú èkù. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìlà tín-ín-rín dábùú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn àmì kan tí wọ́n fi irin gbẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìṣó náà. Mo fi fóònù ya fọ́tò kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀ pé fọ́tò yẹn yóò wúlò. Mo kàn fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n mi pé irin náà ti bàjẹ́ ni. Mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Wẹ́dà de búrọ́ọ̀ṣì onírin mọ́ gíráíndà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Iná ń ta pàrà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí apá dúdú náà fi funfun bí ṣíbí tuntun, àwọn àmì yẹn sì rọ́ lọ. Nígbà tó dé ojú idà, ó pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì sí òkúta gíráíndà. Nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, ibì kan tó tó èékánná àtàǹpàkò di aláwọ̀ aró. Inú mi dùn sí àwọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, mo ní ó lẹ́wà. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀: irin tó bá di aláwọ̀ aró lábẹ́ gíráíndà, ooru rẹ̀ ti tó nǹkan bíi 300 lórí ìwọ̀n Celsius, líle tí alágbẹ̀dẹ fi omi tútù fún un ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Kò sí ohun tó lè dá a padà síbi kékeré yẹn nìkan. Mi ò dá wẹ́dà lẹ́bi. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ ló ṣe.

Mo tún fi sáńpépà lé e nílé, mo fi àdí pa á, mo sì tì í bọ àkọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà òjò, kò ṣeé fà yọ mọ́.

Báyìí ni mo ṣe gbé e dé àpéjọ wa àkọ́kọ́. Àwa méje la kóra jọ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà. Àwọn kan wá láti Ìkòròdú, àwọn kan láti Àgbádárìgì. Àwọn tó jogún bíi tèmi wà níbẹ̀, a rí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ra tirẹ̀ ní Indonéṣíà, a sì rí àgbàlagbà kan tó ti ń ka ìwé lórí ohun ìjà ilẹ̀ Éṣíà láti ìgbà èwe wọn. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Mo rò pé ojú idà ni Bàbá yóò kọ́kọ́ wò. Wọn ò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ní kí n yọ èkù. Nígbà tí wọ́n rí ìdí funfun yẹn, wọ́n gbé e sórí aṣọ jẹ́jẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé: “Ṣé o ní fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó họ ọ́?”

Mo ní: “Mo ní ọ̀kan, Bàbá.”

Wọ́n fa fóònù náà súnmọ́ ojú. Àmì àkọ́kọ́ hàn dáadáa, wọ́n sì kà á: *Kane*. Àmì kejì ṣú, ojú kámẹ́rà mi ti mì. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ alágbẹ̀dẹ ìlú Seki ní Jàpáànì ló ń fi *Kane* bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn títí di àkókò ogun Bọ́mà gan-an. Nígbà ogun, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ kékeré mọ́ ìdí idà tí wọn kò rọ ní ìlànà àtijọ́. Bí òǹtẹ̀ bá wà lórí tèmi, a jẹ́ pé ìgbà ogun ni wọ́n rọ ọ́. Bí kò bá sí, tí ìpáàrà rẹ̀ sì dúdú dọ́gba, ó lè jẹ́ idà ìdílé kan tí wọ́n ti ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé èkù sójà wọ̀ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun Jàpáànì ló gbé idà bàbá wọn lọ sójú ogun bẹ́ẹ̀. Èwo ni tèmi nínú méjèèjì? Gíráíndà ti kó ìdáhùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ará Jàpáànì ń pe ìdí idà yẹn ní *nakago*. Wọn kì í nù ún, wọn kì í họ ọ́, wọn kì í fi nǹkan pa á kó lè dán. Ìpáàrà rẹ̀ ni ìwé ọjọ́ orí rẹ̀. Ti àtijọ́ máa ń dúdú, ó máa ń jinlẹ̀, kì í sì í bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ti àìpẹ́ máa ń pupa bí ọsàn pípọ́n, á sì kùn yín níka bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ìlà tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀ jẹ́ ipa fáìlì alágbẹ̀dẹ, agbo alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń fa tirẹ̀. Bí ihò bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé idà náà kúrú rí, tàbí pé wọ́n ti pààrọ̀ èkù rẹ̀. Ẹni tó bá rí ojú idà nìkan kò tíì rí idà náà.

Gígùn rẹ̀ náà ní ọ̀nà tí a ń gbà wọ̀n ọ́. Láti ṣóńṣó ni ẹ ó ti na téèpù gbọọrọ, láìtẹ̀lé bó ṣe tẹ̀, dé ibi tí ẹ̀yìn idà ti gé wọlé díẹ̀ kó tó di *nakago*. Wọn kì í ka *nakago* mọ́ ọn. Shaku ni ìwọ̀n gígùn àwọn ará Jàpáànì, ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.3. Èyí tó bá ju shaku méjì lọ ni a ń pè ní katana, èyí tó wà láàrin ọ̀kan sí méjì ni wakizashi, èyí tí kò tó ọ̀kan ni tanto. Gbogbo wa la ti ń pe tiwa ní katana kí a tó wọ̀n ọ́. Wakizashi ni méjì nínú wọn.

Ẹnì kan láti Ìkòròdú gbé idà kan wá tí wọ́n sọ fún un pé ti samurai, jagunjagun Jàpáànì àtijọ́, ni. Nígbà tí a wò ó dáadáa, èkù rẹ̀ kì í ṣe okùn tí wọ́n hun. Alumíníọ̀mù tí wọ́n dà, tí wọ́n sì kùn bí okùn ni. Nọ́ńbà sì wà lára irin náà nítòsí èkù. Idà tí ìjọba Jàpáànì ṣe fún sáájẹ́ńtì wọn láti 1935 ni irú èyí, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì ti jáde. Ojú ẹni tó gbé e wá rẹ̀wẹ̀sì. Bàbá ní kó wo ara àkọ̀, nọ́ńbà kan náà ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni í, idà àti àkọ̀ kò tíì ya ara wọn. Lójú tèmi, ohun ìrántí ogun tó pé bẹ́ẹ̀ níyì gidigidi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kẹ́dùn pé kì í ṣe ti samurai. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi owó ra irú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra, ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń yọ èkù wá kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fọ́ ọ. Ohun tó di èkù mú kì í ṣe ìṣó, igi ọparun kékeré kan ni, *mekugi* ni wọ́n ń pè é. Ihò rẹ̀ fẹ̀ lápá kan, ó há lápá kejì. Kí idà ṣì wà nínú àkọ̀, ẹ fi igi tàbí idẹ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti *mekugi* láti apá tó há síbi tó fẹ̀. Bí ẹ bá tì í láti òdìkejì, ńṣe lẹ óò máa há a mọ́lẹ̀. Tó bá jáde, ẹ fa idà yọ, kí ojú mímú rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ìpẹ̀kun èkù mú, ẹ gbé idà nàró kó fẹ̀yìn tì díẹ̀ sápá èjìká ọ̀tún, kí ẹ wá fi ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún lu ọrùn ọwọ́ òsì jẹ́jẹ́. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ni yóò tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ óò rí i pé ó ti sún. Ẹ má fi òòlù lù ú, ẹ má fi fáìsì dì í mú. Bí kò bá tú, ẹ dá a padà.

Ìṣó tí ẹnì kan kàn mọ́ tèmi ti dógùn-ún nínú igi, ó sì ti la igi èkù láti inú. Ọparun tó gbẹ dáadáa ni mo wá gbẹ́ dípò rẹ̀, mo dọ́gbọ́n sí i kí orí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, kí ẹ̀yìn ọparun tó le jù lọ sì kọjú síbi tí irin ti ń fa. Ó gbà mí ní ìgbà mẹ́fà kí ọ̀kan tó bá ihò náà mu.

Nípa àpéjọ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ pe irú rẹ̀ lè mọ̀. Iná fuloríséǹtì ló wà nínú gbọ̀ngàn, ó mọ́lẹ̀ kárí, a ò sì rí nǹkan kan. Lára idà Jàpáànì, ìlà kan wà lẹ́bàá ojú mímú tó funfun bí ìkùukùu òwúrọ̀ lórí ọ̀sà, *hamon* ni wọ́n ń pè é. Amọ̀ ni alágbẹ̀dẹ ń fi kun idà kó tó gbé e sínú iná, fẹ́ẹ́rẹ́ lójú, nípọn lẹ́yìn. Tó bá wá tì í bọ omi, ojú á tutù kíákíá, á sì le, ẹ̀yìn á rọra tutù, kò sì ní í tètè kán. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ìlà yẹn. Gílóòbù kan ṣoṣo ló ń fi í hàn, nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ gbé idà dé ìpele ojú, ẹ na ṣóńṣó rẹ̀ sápá gílóòbù, kí ẹ sì rọra yí i. A pa fuloríséǹtì, a gbé gílóòbù kan kọ́, ẹnu yà wá. Ọ̀kan nínú àwọn idà náà ní ìlà tó rí bákan náà láti òkè délẹ̀, kò ní ìjìnlẹ̀ kankan: ásíìdì ni wọ́n fi yà á. Lábẹ́ fuloríséǹtì, òun gan-an ló dára jù.

Aṣọ tún dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wọ agbádá wá, ó na ọwọ́ láti mú omi, apá agbádá rẹ̀ sì gbá tanto kan lórí tábìlì. Orí sìmẹ́ńtì ni ṣóńṣó rẹ̀ bà. Ó kán bí orí abẹ́rẹ́, ohun tó já kò tó ìrẹsì kan, ṣùgbọ́n lára idà Jàpáànì, ṣóńṣó tó bá kán ti mú apá tó pọ̀ jù lọ nínú iyì rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bùbá alápá kúkúrú tàbí ṣẹ́ẹ̀tì la fi ń wá, a ń bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, fóòmù la sì ń tẹ́ sórí tábìlì kí a tó tẹ́ aṣọ funfun lé e. Ènìyàn mẹ́ta péré ló ń jókòó sí tábìlì kan. Omi àti oúnjẹ wà ní yàrá kejì.

Bí a ṣe ń gbé e fún ara wa náà ní òfin. Ẹ gbé e nàró, ojú mímú sọ́dọ̀ ẹni tó ń fúnni, ẹ̀yìn sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà. Ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ fẹnu sọ pé “mo ti dì í mú” kí ẹni àkọ́kọ́ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. A kì í fọwọ́ kan irin. A kì í sì í sọ̀rọ̀ lé e lórí, nítorí itọ́ tó bá ta sí i láìjẹ́ pé a rí i á di àmì pupa kí ilẹ̀ tó mọ́. Iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ burú ju itọ́ lọ. Mo ti rí ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kan tó hàn kedere lára idà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ìlà ìka rẹ̀, nínú ìpáàrà.

Ọ̀rọ̀ Ògún kò lè ṣàìwáyé níbi tí Yorùbá bá ti kó irin jọ. Àgbà kan dìde láti tú jíìnì sórí àwọn idà, wọ́n ní kò yẹ kí a kó irin tó ti jagun jọ láìkí ẹni tó ni irin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n jíìnì ní omi nínú, ó sì lè tú àwọ̀ okùn èkù àti ọ̀dà ara àkọ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé àdá oko kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ni wọ́n ti wúre, tí wọ́n sì ta jíìnì sí. Àdá yẹn la ń lò títí di òní.

Ohun tó já wa láyà jù lọ́jọ́ náà ni idà Íńdíà kan, tulwar, tó ní àwo pẹlẹbẹ ní ìpẹ̀kun èkù. Ẹni tó gbé e wá dì í mú ní èkù, ó dorí rẹ̀ kodò kí a lè rí ara rẹ̀, irin náà sì yọ́ bọ́ láti inú èkù, ó já lulẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó. Kò gún ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Tulwar kò ní *mekugi*. Oje igi àti ti kòkòrò tí wọ́n yọ́ sínú èkù onírin ló ń di irin rẹ̀ mú. Oje náà máa ń gbẹ, ó sì máa ń sán bó bá ti pẹ́, ooru búùtù ọkọ̀ sì ń dẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó gbé tulwar sókè, ẹ fi aṣọ di irin rẹ̀ mú, kí ẹ rọra mì ín. Bí ẹ bá gbọ́ “ko-ko” nínú èkù, ọwọ́ méjì ni kí ẹ máa fi gbé e, kí ó sùn gbọọrọ. Ẹ má ra gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì láti lẹ̀ ẹ́ o. Èyí ṣòro láti tú, oje àtijọ́ sì ṣeé tún yọ́.

Idà kan náà ní àpẹẹrẹ lára bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ni irin tó ń yọrí sí èyí ti ń wá nígbà àtijọ́, wootz ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ti gidi wà nínú irin láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá dán ibi kékeré kan tó farasin títí àpẹẹrẹ fi lọ, tí wọ́n sì tún fi ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ kàn án, á padà yọ. Ti ayédèrú, tí wọ́n kàn fi ásíìdì yà sójú, kò ní í padà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ni kó dán èyí wò. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ óò bi ẹni tó ń tà á fún yín ni.

Ọ̀gbẹ́ni tó wá láti Àgbádárìgì gbé keris wá láti Indonéṣíà, ọ̀bẹ tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ìtẹ̀kọrọ keris kì í jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì, tirẹ̀ jẹ́ méje. UNESCO kéde iṣẹ́ keris ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ìran ènìyàn. Ọ̀gbẹ́ni náà ti gbọ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ní Java, ó wá rì í sínú omi ọsàn di ọjọ́ kejì. Òótọ́ ni pé wọ́n ń lo ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró tì í ni, wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń wò, wọ́n ń ṣan án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi arsenic kùn ún kí irin tó wà láàrin lè dúdú, kí èyí tó ní nickel lè máa tàn. Májèlé ni arsenic. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí, omi ọsàn ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀bẹ tó tẹ orí ba nínú àpótí mi jẹ́ kukri ti Nẹ̀pálì. Ibi kékeré kan tí wọ́n gé wọlé wà nídìí irin rẹ̀ nítòsí èkù, àyè ọ̀bẹ kékeré méjì sì wà lẹ́yìn àkọ̀, ọ̀kan fún gígé nǹkan, èkejì fún pípọ́n tàbí ṣíṣá iná. Ti sójà máa ń ní òǹtẹ̀ àti ọdún lára. Èyí tí orí kìnnìún onídẹ bá wà ní èkù rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n ṣe é fún. Idà tí kò ní ìdáàbò ọwọ́ jẹ́ dha, ti àwọn ará Bọ́mà fúnra wọn. Mi ò fọwọ́ kan àwọn méjèèjì yìí mọ́ títí Bàbá fi rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí òróró, nítorí ibi tí a ń gbé. Àdí, epo pupa, òróró ẹ̀pà, òróró àgbọn: ẹ yọ gbogbo wọn kúrò. Epo tó bá ti ara èso wá á bá afẹ́fẹ́ pò, á di gọ́ọ̀mù, á sì kan. Gọ́ọ̀mù yẹn ló lẹ idà mi mọ́ àkọ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tó mọ́ gaara, tí kò ní òórùn, ni mo ń lò báyìí. Kán méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún idà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ àti spírítì nu ti àtijọ́ kúrò, láti ẹ̀yìn idà ni kí ẹ ti máa nù ún, kí ojú mímú má bàa gé yín. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fi aṣọ mìíràn kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Bí òróró bá ń kán, ó ti pọ̀ jù, igi àkọ̀ á mu ún, á sì máa fi ìdọ̀tí nu irin. Nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mò ń yọ tèmi wò. Nígbà ọyẹ́, oṣù méjì tàbí mẹ́ta kò burú.

Òjò máa ń wú igi àkọ̀, ọyẹ́ sì máa ń sún un kì. Bí idà bá há nígbà òjò, ẹ gbé e sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ má fà á tipátipá. Ọwọ́ ẹni tó fi ìka di ẹnu àkọ̀ mú níbi tí ojú mímú ti ń jáde ti gé rí nínú wa. Ẹ̀yìn idà ni kí ìka wà. Ẹ má sì tọ́jú irin sínú àkọ̀ aláwọ bíi ti kukri, awọ ń mu ọ̀rinrin, oògùn tí wọ́n fi pa á sì ń jẹ irin. Ẹ gbé àkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ kan náà.

Kí a tó tún pé jọ, a kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá, a fi iye idà, fọ́tò wọn àti ọjọ́ náà sí i, a sì mú ẹ̀dà rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ dání. Inú àpótí tó ní àgádágodo ni gbogbo wọn ń bá wa rìn, nínú búùtù, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. A kò gba ìbọn kankan, ì báà jẹ́ ti Íńdíà tó ti pé igba ọdún. Òfin ohun ìjà oníná ilẹ̀ wa láti 1959 béèrè ìwé àṣẹ, ó kan ṣakabùlà pàápàá.

Idà gígùn náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò fi òróró kan ìdí rẹ̀ mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràwọ̀ fúnra rẹ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ti àìpẹ́. Mo tẹ fọ́tò yẹn jáde sórí ìwé, mo sì fi í sínú àpótí pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí àmì *Kane* wà nínú rẹ̀ àti òjìji tó yẹ kó jẹ́ ìyókù orúkọ ẹni náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí láti Ìkòròdú, ó ní àwọn rí idà kan lókè àjà nígbà tí wọ́n ń tún òrùlé bàbá òun ṣe, ó sì ti ra sáńpépà. Mo ní kó gbé sáńpépà sílẹ̀. Mo ní kó tẹ́ aṣọ funfun sí ẹnu fèrèsé láàárọ̀, kí ó fi rúlà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó ya apá ọ̀tún, apá òsì, ẹ̀yìn, àti ṣóńṣó. Kó má fọwọ́ kan èkù, Bàbá ni yóò tú u. Kó gbé fóònù lé nǹkan tó dúró, kí ọwọ́ rẹ̀ má mì.